Aṣọ Tí A Kò Fi Iná Dán Wò

Aṣọ ni mò ń tà ní Bantè, ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún báyìí. Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, ọkọ ló gbé mi wá síbí. Issiaka ni orúkọ rẹ̀, epo bẹntiróòlù ló ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì. Èmi Moubarakath yìí, ẹnu mi mú, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oníbàárà tó bá fọwọ́ pa aṣọ mi lẹ́ẹ̀mẹta láìrà á gbọ́ tirẹ̀ kó tó kúrò nísọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ó bà mí lẹ́rù débi pé títí di òní, bí ẹnìkan bá ṣá ìṣáná nítòsí mi, mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Léa ni, Léa aránṣọ, ìyá Jémima. Ilé ìránṣọ rẹ̀ dojú kọ ìsọ̀ mi, títì ló là wá láàárín. Òun ló ń rán sutánà fún ìjọ aláṣọ funfun kan tó wà lọ́nà Gouka, níbi tí òun náà ti ń jọ́sìn. Kò mu sìgá rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣáná kì í kúrò lápò rẹ̀. Kò sí aṣọ tó máa gba abẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ kọjá tí kò ní kọ́kọ́ fa fọ́nrán òwú kan yọ létí rẹ̀, kó sì fi iná sí i. Ojú ẹni yòówù tó bá wà níbẹ̀ ló ti máa ń ṣe é.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣe é nísọ̀ mi, díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí. Mo ní, "Ìwọ Léa, ṣé o fẹ́ jó mi nísọ̀ ni, àbí o fẹ́ ba ọjà mi jẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Fara balẹ̀, kí o wò ó. Aṣọ kì í purọ́ fún iná."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi nìyẹn, tipátipá. Ó fi òwú gidi han mí: ó jó bí ìwé, òórùn rẹ̀ dà bí ti ewé gbígbẹ, eérú rẹ̀ sì kúnná, ó di lẹ́búlẹ́bú lábẹ́ ìka mi. Ó fa fọ́nrán kan yọ lára sányán àtijọ́ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, èyí tí wọ́n fi òwú inú ilé kòkòrò hun. Ìyẹn ká jọ, ó ń rùn bí irun tó jóná. Ó wá kan tẹ́gáàlì, èyí tí àwa ń pè ní aṣọ rọ́bà. Èyí kò tilẹ̀ dúró de iná. Ó sún kì, ó yọ́, ó kán tótó sílẹ̀, ohun tó sì ṣẹ́ kù jẹ́ kóró dúdú kan tí mo fi eyín gé tí kò gé.

Ó ní, "Epo inú ilẹ̀ ni. Wọ́n á sè é títí á fi máa fà bí ọbẹ̀ ilá, wọ́n á wá fún un gba ojú ihò wẹ́wẹ́, ibẹ̀ ló ti ń di òwú. Ẹbí kan náà ni òun àti ohun tí ọkọ rẹ ń tà nínú ìgò."

Mo bínú, nítorí tẹ́gáàlì pọ̀ nísọ̀ mi. Ṣùgbọ́n Léa kò bú u. Ó ní aṣọ ọmọ iléèwé gan-an ni, nítorí kì í hunjọ, kì í tètè gbó, ẹni tó bá fọ̀ ọ́ láàárọ̀ lè wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án. Kì í kàn mu òógùn ni, ó sì ń mú ara gbóná. Ẹni tó bá máa gbé àbẹ́là dání ni kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Mo bi í pé ṣé òwú kì í jó ni. Ó ní òwú ń jó, ó tilẹ̀ tètè ń jó, ṣùgbọ́n èèyàn lè fi ọwọ́ pa iná rẹ̀, èèyàn sì lè já a bọ́ sílẹ̀. Tẹ́gáàlì á lẹ̀ mọ́ ara ni.

Agoua ni wọ́n bí Léa sí, létí igbó ìjọba. Bàbá rẹ̀ ń gbin òwú. Ìyá rẹ̀, Màmá Àríyìkẹ́, tó ṣì wà láyé, ń hun kíjìpá. Láti kékeré ni Léa ti ń yí irin lórí òwú lórí òkúta pẹlẹbẹ kí kóró rẹ̀ lè jáde. Ìyá rẹ̀ á gbọ̀n ọ́n, á ran án, á ta á sórí òfì tó fi ti ògiri, aṣọ kan ṣoṣo á sì gbà á tó oṣù kan. Kíjìpá nípọn, ó wúwo, kì í gbó bọ̀rọ̀. Kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá ní ọ̀kan kò ní wá òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ fún ọdún mẹ́ta ní Savalou lọ́dọ̀ obìnrin ẹ̀yà Máhì kan, ó padà wálé, ó lọ́kọ, ọkọ kú. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Jémima, lẹ́yìn tó ti ń retí ọmọ fún ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Jémima pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bí ẹ bá rí ọwọ́ ọmọ náà lórí abẹ́rẹ́. Ó ń ṣe ojú ihò bọ́tìnnì tí ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, Léa sì máa ń sọ fún mi pé ọwọ́ ọ̀tún ọmọ yẹn ni ogún òun. Tántì, ìyẹn àǹtí, ló máa ń pè mí, òun ló sì máa ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́, nítorí ojú mi ti ń di bàìbàì.

Ọdún ìkórè ìjọ wọn ń bọ̀ ní oṣù kejìlá. Bàbá Élie, àgbà ìjọ, wá sọ́dọ̀ mi láti ra aṣọ funfun tí wọ́n máa rán fún àwọn ọmọ akọrin méjìlá, Jémima sì wà lára wọn. Mo ní ìgàn kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Savalou. Òwú gidi ni wọ́n kọ sára rẹ̀ lédè Faransé, oníṣòwò náà sì búra fún mi. Mo gbé e fún Bàbá Élie bó ṣe wà.

Wàyí o, ìjọ wọn yìí ní àṣà kan. Bí wọ́n bá ra aṣọ fún àwọn ọmọ akọrin, ìgàn náà á kọ́kọ́ sun ọjọ́ mẹ́ta lórí pẹpẹ, wọ́n á máa gbàdúrà sí i. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi iná kàn án títí ọmọ á fi wọ̀ ọ́ jáde. Wọ́n ní ohun tí a bá ti fi fún Ọlọ́run, a kì í dán an wò mọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé aṣọ náà fún Léa, ó sọdá wá bá mi. Èrò kún ìsọ̀ mi lọ́jọ́ náà, mò ń wọn léèsì fún ìyàwó tuntun kan láti Akpassi, òun àti àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ mẹ́ta tí ẹnu wọn kò dákẹ́.

Léa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Moubarakath, aṣọ ìkórè yẹn, ṣé o fi iná dán an wò kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ?"

Orí mi gbóná. Lójú àwọn oníbàárà ló tún ń bi mí ní ìbéèrè iná. Mo ní, "Mo ti dán an wò. Òwú ni. Lọ rán aṣọ rẹ."

Ó wò mí díẹ̀, ó ní ó dáa, ó sì padà sọdá. Mi ò dán nǹkan kan wò. N kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo kàn fẹ́ kó kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi ni.

Lọ́jọ́ ìkórè, mo bá wọn lọ. Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n ọdún ọ̀rẹ́ mi ni. Mo dúró níta pẹ̀lú àwọn tó wá wòran. Òwúrọ̀ ni, oòrùn ti yọ, ọyẹ́ sì ń fẹ́. Àwọn ọmọ jáde láti yí ilé ìsìn ká, méjìméjì, ẹsẹ̀ lásán, àbẹ́là lọ́wọ́ wọn, sutánà wọn funfun láúláú. Jémima wà níwájú. Mo juwọ́ sí i, ó rí mi, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Atẹ́gùn gbá ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sórí àbẹ́là ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ sutánà fẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo rí nìyí, mi ò sì lè gbàgbé rẹ̀: iná náà kò ràn bí ó ṣe ń ràn lára ìwé. Aṣọ sún kì. Ó ń kán. Kí ọmọ tó pariwo ni mo ti mọ ohun tí mo tà.

Léa ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó di ọwọ́ aṣọ náà mú láti já a, ó lẹ̀ mọ́ ìka tirẹ̀ náà. Bàbá Élie da garawa omi àdúrà lé ọmọ lórí, iná kú. Ṣùgbọ́n aṣọ kò kúrò. Ó ti di ara ọmọ, láti ìgúnpá títí dé àárín àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún.

Ọkọ̀ ẹnìkan nínú ìjọ ló gbé wa lọ sí Savalou. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń fi irinṣẹ́ ṣí aṣọ kúrò lára ọmọ ní wẹ́wẹ́, ìyá rẹ̀ di orí rẹ̀ mú. Nọ́ọ̀sì fi àyà rẹ̀ hàn wá. Iná ti bá aṣọ dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n Jémima wọ ṣíńgílẹ́ẹ̀tì tí Léa fi kíjìpá Màmá Àríyìkẹ́ rán fún un, èyí tí ọmọ náà máa ń sọ pé ó ń yún òun. Iwájú rẹ̀ dúdú, kóró tẹ́gáàlì lẹ̀ mọ́ ọn kitikiti, ṣùgbọ́n awọ àyà ọmọ náà mọ́ tónítóní lábẹ́ rẹ̀. Aṣọ ọ̀lẹ ló dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Nípa ọwọ́, dókítà ní òun kò lè ṣèlérí. Ó ní àwọn ìka lè lẹ̀ pọ̀, ó sì lè ṣòro fún wọn láti nà mọ́.

Nígbà tí mo padà dé Bantè, mo wá àjákù tó ṣẹ́ kù létí ìgàn yẹn nílé ìránṣọ Léa, mo fa fọ́nrán kan yọ, mo ṣá ìṣáná. Kóró dúdú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ẹnu ń kùn nílùú. Àwọn kan ní ọ̀tá ilé ni, àwọn kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ìyá ọmọ ni. Nígbà tí Léa gbọ́, ó ránṣẹ́ láti Savalou pé kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ òun nínú ìjọ: òun aránṣọ ni kò dán aṣọ wò, kí ẹnikẹ́ni má wá ọ̀tá kankan. Kò dárúkọ mi. Ìyẹn ló pa mí jù. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi gbé e sínú bí ẹni gbé ẹyin iná mì.

Ọjọ́ kejì tí Léa àti ọmọ rẹ̀ ti Savalou dé, mo sọdá títì. Léa ń ká etí aṣọ pẹ̀lú ìka tó ṣì wà nínú báńdéèjì.

Mo ní, "Léa, mi ò dán an wò. Irọ́ ni mo pa fún ọ."

Kò gbé orí. Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Mo ní, "O mọ̀ látìgbà wo?"

"Látọjọ́ tí mo ti bi ọ́. Ọ̀rá tí wọ́n fi dì í kò tíì tú nígbà tó dé ọwọ́ mi. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ya á kí n tó sọdá wá bá ọ. Ta ló máa fa òwú yọ nínú ìgàn tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú?"

Mo ní, "Kí ló wá dé tí o fi bi mí?"

"Mo fẹ́ kí o sọ pé rárá. Bí o bá sọ pé rárá, mà á gbé e padà fún Bàbá Élie, mà á ní ẹni tó tà á ni kò dá lójú, kì í ṣe èmi ni mo tako pẹpẹ. O sọ pé o ti dán an wò. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ìkórè pé. Mo gbà." Ó tún etí aṣọ náà ká. "Nígbà tí mò ń lọ̀ ọ́, ó ń lẹ̀ mọ́ irin ìlọṣọ, òwú kì í sì í lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo dín ooru irin kù, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ."

Mo jókòó tì í.

Jémima wọlé láti ẹ̀yìn ilé. Ìka méjì ti lẹ̀ pọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, àwọn yòókù sì ká sínú. Ó fi ọwọ́ òsì di abẹ́rẹ́ àti òwú mú. Ó kí mi, "Tántì, ẹ káàbọ̀," ó sì na abẹ́rẹ́ náà sí àwa méjèèjì pé kí ẹnìkan bá òun ki òwú bọ̀ ọ́. Ìyá rẹ̀ gbà á, ó gbìyànjú, kò wọlé. Ó gbé e fún mi. Èmi náà gbìyànjú, ojú mi kò rí ihò rẹ̀, òwú kò wọlé, ọmọ náà sì dúró, ó ń wò wá.