Baba Ta Ló Ṣe Àsíá Wa?

Bí ẹ bá rí Oyèníyì mọlémọlé lórí àkàbà níbi tó ti ń to bíríkì, tí ẹ sì ń kánjú, ẹ má kí i. Ìkíni kan ṣoṣo ni yóò sọ di ọ̀rọ̀ baba rẹ̀, ọ̀rọ̀ baba rẹ̀ kò sì ní í pẹ́ kó tó dé orí àsíá àdúgbò. "Ẹ wo òkè ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ wa méjèèjì," ni yóò wí, "pupa fòò lábẹ́ ojú ọ̀run aláwọ̀ aró. Baba mi ló fi làákàyè ara rẹ̀ gbé e jáde." Ọkùnrin náà mọ ilé kọ́, ẹnu rẹ̀ sì mọ iṣẹ́ tirẹ̀.

Nítorí baba yìí ni wọ́n ṣe ń gbé ọ̀pá àsíá lé e lọ́wọ́ ní gbogbo ọdún iṣu titun. Lọ́jọ́ náà, Oyèníyì a wọ agbádá funfun, a bọ́ síwájú gbogbo àdúgbò, a sì máa yan bí àkùkọ. Kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ láyé.

Lọ́dún yìí, àsíá ti gbó, wọ́n sì fẹ́ rán tuntun. Mètírì Barthélemy, olùkọ́ tí ìjọba gbé wá láti Pọ́bẹ̀, béèrè ní ìpàdé pé ta ló kọ́kọ́ ṣe é, kí òun lè sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn àlejò. Kí Oyèníyì tó la ẹnu, Moustapha awakọ̀ ti dìde. Ó ní irọ́ ni Oyèníyì ń pa láti ọjọ́ yìí, pé baba baba òun ló ṣe é, àti pé ohun tí wọ́n ń pè ní òkè yẹn, ààbọ̀ òṣùpá ni. Ni ariwo bá sọ. Olórí àdúgbò ní kí oníkálùkù lọ wá ẹlẹ́rìí wá, ẹni tí kò bá rí, kó jìnnà sí ọ̀pá.

Àyà Oyèníyì já. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé nínú àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà náà, Ìyá Sakinatou, àbúrò baba rẹ̀, tó ń gbé ní Kaboua. Ó gun alùpùpù akérò tí wọ́n ń pè ní zẹ́mì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, eruku bò ó dé ẹnu ọ̀nà ìyá náà.

"Ìyá, ẹ kú ilé o. Ẹ wá bá mi jẹ́rìí pé baba mi ló ṣe àsíá wa."

Ìyá arúgbó fi iṣu tó ń bó sílẹ̀. Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Oyèníyì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi! Baba rẹ tí kò lè fi èédú ya ewúrẹ́ sára ògiri? Àwa obìnrin la rán àsíá náà, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi, lọ́dún tí wọ́n gbẹ́ kànga. Igbá méjì la rán sórí omi. A ní kí baba rẹ bá wa so ó mọ́ ọ̀pá, torí òun ló ga jù. Ó so ó tán, ó gbé e sókè, igbá ti dojú dé! Omi lọ sókè, ó di sánmà. Kí a tó sọ̀rọ̀, èrò ti ń hó: 'Òkè wa rè é! Òkè wa rè é!' Wọ́n gbé baba rẹ sọ́rùn, wọ́n ń jó kiri."

"Ẹ ò wá sọ fún wọn, Ìyá?"

"Inú gbogbo èèyàn ń dùn, kí n wá máa ṣàlàyé igbá?" Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀ padà. "Ṣùgbọ́n n ò tíì rí igbá mi lókè rí títí dòní. Ìyẹn dùn mí."

Bí ó ti ń padà bọ̀, Oyèníyì ń bá ara rẹ̀ jà. Bí ó bá ní ìyá náà ti jẹ́rìí fún òun, ta ni yóò lọ sí Kaboua lọ wádìí? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ igbá yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, àánú ìyá náà sì ṣe é. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, òtítọ́ sì ti gun zẹ́mì pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tí àdúgbò tún pé jọ, ó dìde.

"Baba mi kọ́ ló ṣe é," ni ó wí. "Baba mi ló dojú rẹ̀ dé."

Ó rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé, Moustapha rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. Olórí àdúgbò ní ẹni tó rán an ló ni ín, wọ́n sì pe Ìyá Sakinatou lórí fóònù pé kó yan ẹni tí yóò gbé àsíá. Oyèníyì ti tẹ orí ba, ó ti gbà pé ọ̀pá ti bọ́ lọ́wọ́ òun.

"Ẹ gbé e fún Oyèníyì," ni ìyá náà wí. "Ẹni tó lè sọ irú òtítọ́ yìí síta tó gbé e."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún, Ìyá Sakinatou ti dé láti Kaboua, wọ́n fún un ní àga níwájú. Títílayọ̀ aránṣọ gbé àsíá tuntun tó rán bí ti tẹ́lẹ̀ wá. Ayọ̀ ti ń pa Oyèníyì bí ọtí. Ó so ó wàràwàrà, ó gbé e sókè.

Ariwo ta. Oyèníyì gbójú sókè. Òkè kò sí níbẹ̀ mọ́, igbá méjì ló jókòó jẹ́ẹ́ lórí omi.

"Ẹni bí ni là ń jọ!" ni Moustapha pariwo, gbogbo èrò sì bú sẹ́rìn-ín.

Ojú ti Oyèníyì, ó fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíá. Ṣùgbọ́n Ìyá Sakinatou ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó di ọ̀pá mú.

"Fi í sílẹ̀! Igbá mi rè é! Igbá wa rè é!" Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń jó.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yí ìlú ká. Oyèníyì wà níwájú nínú agbádá funfun, ó ń yan bí àkùkọ, gbogbo ẹni tó bá kí i lójú ọ̀nà ló sì ń dá lóhùn pé: "Ẹ wo igbá ìyá mi!"