Róòsì Tí Kò Ní Òórùn

Ìwé orúkọ ẹgbẹ́ wa ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Èmi ni mo jẹ́ akọ̀wé ẹ̀ka Alímọ̀ṣọ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin òdòdó nítorí ìfẹ́ òdòdó, ẹgbẹ́ tó ní ẹ̀ka káàkiri Nàìjíríà. A kì í tà á. Ẹni tó bá fẹ́ ta òdòdó, etí títì gba gbogbo ènìyàn. Tiwa ni pé ká gbìn ín, ká máa wò ó, ká sì pe ara wa wá wò ó. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, a lé ní ogójì. Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, mẹ́sàn-án ni mò ń kà nípàdé, bí òjò bá sì ṣú, a di mẹ́fà.

Ẹ̀yìnkùlé Ìyá wa ní Ẹgbẹ́dá la ti ń pàdé. Gbogbo wa la ń pè é ní Ìyá wa, torí òun ló dá ẹ̀ka náà sílẹ̀ nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun. Ọjọ́ ìpàdé nìkan ni bàtà máa ń kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, lẹ́tà kan dé láti olú iléeṣẹ́ ẹgbẹ́. Wọ́n ní àlejò méjì ń bọ̀ wá kà wá nípàdé oṣù kẹfà. Bí a kò bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ìjókòó, wọn á pa ẹ̀ka wa pọ̀ mọ́ ti Ìkẹjà. Mo kà á sí Ìyá wa létí. Ó wo orúnkún rẹ̀ méjèèjì bí ẹni ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá.

Ó ní, "Akọ̀wé, ta ló máa gbé mi dé Ìkẹjà? Láti orí àga yìí dé balùwẹ̀, ìrìn àjò ni."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. A máa pé."

"O ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n kó ẹgbẹ́ kúrò lẹ́yìnkùlé mi o."

Mo ṣèlérí. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi ṣèlérí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti róòsì náà. Róòsì pupa kan wà létí kànga Ìyá wa, ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó mọ ògiri yí ilé ká. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ ẹgbẹ́, Ìyá wa á gé ẹ̀ka kan fún un nínú rẹ̀, á fi ìwé ìròyìn tútù wé e, á ní, "Ìyá rẹ̀ ń bẹ níbí o." Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, oníkálukú á gbé ìkòkò tirẹ̀ padà wá. Ìyá wa á máa ti ìdí ìkòkò kan bọ́ sí òmíràn, á fi imú kan òdòdó, á dijú, á ní, "Òun ni." Òórùn róòsì yẹn kò jọ ti èyí tí wọ́n ń tà létí títì. Ti etí títì pọ́n, ó tóbi, ṣùgbọ́n èèyàn lè ki imú bọ̀ ọ́ títí imú á fi máa ro ó, kò ní gbóòórùn nǹkan kan. Ti Ìyá wa, bí wọ́n bá gbé e wọ yàrá, ẹni tó ń sùn á béèrè ẹni tó wọlé.

Ọgbọ́n tí mo wá dá láti fi jí àwọn ènìyàn dìde nìyí. Mo wọ orí wásáàpù ẹgbẹ́, mo ní kí olúkúlùkù máa fi fọ́tò róòsì rẹ̀ ránṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ẹni tó bá fi ránṣẹ́, mo kọ "Ó wà láàyè" síwájú orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá fi nǹkan kan ránṣẹ́, mo kọ "Ó ti kú." Mo rò pé ojú á tì wọ́n díẹ̀, wọn á sì tún gbájú mọ́ ẹgbẹ́. Lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní, ẹ̀rín pọ̀. Ọkùnrin kan tó ń wa márúwá ní Akówónjọ kọ ọ́ pé, "Akọ̀wé, ẹ má tíì sin tèmi o, ó kàn ń sinmi ni!" Obìnrin kan fún un lésì: "Ìsinmi wo? Igi ìdáná mà nìyẹn jàre!" Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀rín dín kù. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹni yìí jáde, ẹni yẹn jáde. Kò sẹ́ni tó bú mi. Wọ́n kàn ń yọ́ jáde, bí èrò tó ń bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró tán.

Mo bá dìde, mo ń ti ilé kan bọ́ sí èkejì, láti Ìgàndò dé Akówónjọ. Àwọn kan gbà, àwọn kan ní kí n jọ̀ọ́ àwọn. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, mo ní mẹ́rìnlá tó dá mi lójú, èmi náà wà nínú wọn. Ẹnì kan ló kù.

Aránṣọ kan ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń gbé ní Bárúwà. Nígbà kan, òun ló máa ń dé kí a tó to àga. Mo bá a nídìí ẹ̀rọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí."

"Hẹn-ẹn, akọ̀wé òkú!" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ta ló tún kú?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jàre. Ìyá wa ń béèrè yín."

"Ìyá wa kọ́ ló kọ ọ́ síwájú orúkọ mi. Ẹ̀yin ni."

Ó dìde, ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Ó ti dojú ìkòkò róòsì rẹ̀ bolẹ̀. Ó ní omi bohó, kànga oníẹ̀rọ ilé àwọn, ló yí padà, ó ń pọ́n bí irin tó dógùn-ún, kí òun sì tó fura, ewé ti ń wọ́ dànù. Ó gbé omi òjò fún un. Ó gbé e kúrò nínú oòrùn. Ó bá a sọ̀rọ̀.

"Mo sunkún lórí ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọkọ mi ní, 'Torí òdòdó?' Ìgbà tí mo wá ṣí fóònù, kí ni mo rí? Ó ti kú. Níwájú gbogbo ayé. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo Ìyá wa?"

"Ẹ ṣá máa bọ̀. Ẹ kàn wá jókòó."

Ó wò mí. "Tiyín ńkọ́? Ṣé ó wà láàyè?"

Mo ní, "Ó wà."

"Ẹ ò rí i? Ẹ ò lè mọ bó ṣe ń rí lára."

Kò sí láàyè. Tèmi ti kú kí tirẹ̀ tó kú. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún tó ṣáájú ni. Mo lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n mi nílé, mo pẹ́ níbẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó bomi rin ín. Ìgbà tí mo fi dé, ó ti gbẹ bí igi ìṣáná. Mo lọ sétí títì ní Ìkọ̀tún, mo ra èyí tó jọ ọ́, mo gbìn ín sínú ìkòkò kan náà. Kódà, mo fi ẹrẹ̀ pa etí ìkòkò náà kó má bàa hàn pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin nǹkan sínú rẹ̀. Òun ni mo gbé lọ fún Ìyá wa lọ́dún yẹn. Ó tẹ imú mọ́ ọn, ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe pẹ́ nídìí ti àwọn yòókù lọ. Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó ní, "Òun ni." Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ orí ti dé sí imú rẹ̀.

Ká ní mo sọ òótọ́ fún aránṣọ yẹn lẹ́yìn ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ì bá wá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní ó dàbọ̀, mo wọ márúwá.

Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé, a kò rí òjò dá lẹ́bi. Àwọn àlejò dé, ọkùnrin kan, obìnrin kan, èèyàn jẹ́jẹ́. Wọ́n yin róòsì ẹ̀bá kànga. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kà wá. Obìnrin náà kà, ọkùnrin náà tún un kà. Mẹ́rìnlá. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún wa ní wákàtí kan, wọ́n fún wa ní méjì. Mi ò gbójú kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá wa ní tirẹ̀ kò wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ń rọ àwọn àlejò pé kí wọ́n jẹ ẹ̀pà. Nígbà tí wákàtí méjì pé, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé a ti di ti Ìkẹjà.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mò ń kó àga jọ. Mo ní, "Mà, róòsì tí mo gbé wá lọ́dún tó kọjá, mo rà á ni."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ní òun ni."

"Kí ni kí n ní? O ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ dé. Ṣé òdòdó ni mò ń wá ni, àbí èèyàn?" Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lórí aṣọ rẹ̀. "Mo rò pé bí mo ṣe bo tìẹ, wàá bo ti àwọn yòókù."

 Ó ní kí n mú ọ̀bẹ wá, kí n di òun lápá mú. A rọra rìn dé ìdí kànga. Ó gé ẹ̀ka méjì, ó fi ìwé ìròyìn tútù wé wọn, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́. Kò sọ ẹni tó ni ìkejì.

Lọ́jọ́ kejì, mo padà sí Bárúwà. Orí ìdúró ni mo ti rò ó fún aránṣọ náà tán, láti orí ìsìnkú dé orí ẹrẹ̀ tí mo fi pa ìkòkò. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń dún lọ.

Ó wá béèrè pé, "Ṣé ẹ pé?"

"Ó ku ẹnì kan."

Ẹ̀rọ dúró. Ó fọwọ́ tẹ́ aṣọ tó ń rán, ó tún tẹ́ ẹ.

"Èmi ni mo fà á, àǹtí," mo ní. "Kì í ṣe ẹ̀yin."

 Ó gba ẹ̀ka kan lọ́wọ́ mi, ó bọ́ sẹ́yìn ilé. Mo gbọ́ ìró ìkòkò nígbà tó ń yí i padà. Mo dúró lẹ́bàá ẹ̀rọ náà títí ìwé tí wọ́n fi wé ẹ̀ka tèmi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, kò pè mí pé kí n wá wò ó.