Agbọ̀n Ìyá Ẹgbẹ́

Tí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú mi, ẹ jókòó tì mí, kí ẹ sọ pé ẹ kò tíì ta nǹkan yín nítorí pé àwọn tó jù yín lọ kò tíì tà. Ẹ ò ní í jókòó pẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ mi kan mú ìyàwó rẹ̀ dání wá kí mi, ó ní òwò tí òun àtàwọn ará ibiṣẹ́ òun jọ fowó sí ti ń lọ sílẹ̀, òun sì fojú ara òun rí i, àmọ́ ọ̀gá àwọn kò tíì yọ owó tirẹ̀, kò sì ní í dáa kí òun ṣáájú ọ̀gá. Mo ní, “Ṣé o ti fọwọ́ ara rẹ gbé agbọ̀n ọ̀gá rẹ wò?” Ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wò ó. Wọ́n rò pé ọjọ́ ogbó ti ń dà mí lọ́kàn rú. Ó tì o. Obì ló ń bí mi nínú, ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó ti ń bí mi nínú.

Ìlá la wà nígbà náà, ayé àwọn òyìnbó, nígbà tí gbogbo ìlú ń sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ kéékèèké. Tèmi kì í ṣe ọ̀fẹ́. Mo ti jáde ìwé mẹ́fà, mo sì ti yege ìdánwò láti wọ iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ olùkọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pé owó àkọ́san gbọ́dọ̀ dé kí òjò ọdún náà tó dá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn ni yóò gba àyè mi. Bàbá mi gbọ́, ó ní, “Mo ti rán ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin lọ sí iléèwé. Ìyá rẹ ni kí o kọjú sí.” Bí ilé wa ṣe rí nìyẹn, ìyá kálukú ló ń gbé ẹrù ọmọ rẹ̀. Mo kọjú sí ìyá mi.

Òfì ni ìyá mi mọ̀. Kíjìpá tó bá hun nípọn, ó ń lò pẹ́, àwọn ará Òkè-Ìlá a sì máa wá rà á lọ́wọ́ rẹ̀ nílé kí ó tó gbé e dé ọjà rárá. Kò mọ nǹkan kan nípa obì. Gbogbo ohun tó mọ̀ ni pé àwọn obìnrin olóbì ń kan páànù sórí ilé, tí òun sì ń sùn lábẹ́ koríko. Ojú ló rí páànù, ọkàn bá fò lọ. Ó ta gbogbo aṣọ tó ti hun sílẹ̀, ó kó owó òwú mọ́ ọn, ó wọ ẹgbẹ́ olóbì. Nígbà ìkórè, èmi àti òun lọ sí oko Ire àti Iresi, a ń ra obì gbàǹja lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, orí wa la sì fi ń rù ú bọ̀ tí kò bá sí ọkọ̀.

Ẹni tó bá rò pé obì kàn ń jókòó jẹ́ẹ́ títí owó yóò fi gun orí rẹ̀, kò tọ́jú obì rí. A là á, a rẹ ẹ́ sómi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè bó, a fọ̀ ọ́, a fi ewé gbòdògì tẹ́ inú agbọ̀n, a kó o sí i, a tún fi ewé bò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Lóòrèkóòrè la óò tú u, a óò ṣa èyí tí kòkòrò bá ti lu, a óò pààrọ̀ ewé. Yàrá tí a ń sùn ni agbọ̀n wa wà. Òórùn obì wọ ẹní, ó wọ irun mi. Owó iléèwé mi ni mo ń sùn tì yẹn, mo sì ń yí i láràárọ̀ bí abiyamọ ṣe ń yí ọmọ tí ara rẹ̀ kò dá.

Ẹgbẹ́ olóbì ní òfin kan tó ju gbogbo òfin lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú agbọ̀n fún oníbàárà kí Ìyá Ẹgbẹ́ tó tú tirẹ̀. N kò ní í purọ́, òfin náà nídìí. Àwọn Hausa tó ń wá ra obì gbọ́n. Bí wọ́n bá rí ẹnìkan tí ìṣòro bá, ìdajì owó ni wọ́n máa fi ra tirẹ̀, ìdajì yẹn náà ni wọ́n sì máa gbé síwájú gbogbo àwọn yòókù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká di ara wa mú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin tó sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ tà, tí kò sọ ìgbà tí ẹni náà gbọ́dọ̀ tà, ṣé òfin nìyẹn? Ṣíọ̀!

Nígbà tí ọyẹ́ ń lọ sílẹ̀, oníbàárà kan dé láti Òfà, níbi tí wọ́n ti ń kó obì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sókè Ọya. Iye tó pè tó owó iléèwé mi, yóò sì ṣẹ́ kù fún òwú. Ìyá mi so ìró rẹ̀ le, ó mú mi lẹ́yìn, ó di ilé Ìyá Ẹgbẹ́. Àwa méjèèjì kúnlẹ̀.

“Ẹ kúulé o, ìyá wa. Ẹ kú ìtọ́jú ọjà.”

“Káàbọ̀, ìyàwó. Ṣé àlàáfíà lo wá?”

“Àlàáfíà ni, ìyá. Oníbàárà kan ló dé. Mo ní kí n wá gbọ́ lẹ́nu yín.”

Ìyá Ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín. Obìnrin títóbi ni, ó sì rẹwà, àgbà tó ṣe é wò ni. Ó ṣílẹ̀kùn yàrá inú, ó ní kí a wò. Agbọ̀n lórí agbọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, ewé tútù yọ̀yọ̀ lórí ìkọ̀ọ̀kan. “Ṣé ebi ń pa ọ́ ni, ìyàwó? Wo tèmi. Ṣé èmi ò mọ owó í ná ni? Obì tó bá dúró dòjò lobì. Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún.”

“Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹ̀mí yín á gùn fún wa.”

Imú mi tó ti bá obì sùn láti ìgbà ìkórè kò gbóòórùn obì nínú yàrá yẹn. Òórùn ewé tútù nìkan ló ń ta sí mi nímú. Mo rò pé bí yàrá olówó ṣe máa ń rí ni.

Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tó jẹ́ ìyàwó télọ̀, mùsùlùmí ni, òun ló kéré jù láàárín wọn. Ọkọ rẹ̀ ti bá ẹnìkan dá ọjọ́ tí yóò wá san owó ẹ̀rọ ìránṣọ. Obìnrin yìí kò lọ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó pe oníbàárà wọlé ní ojúmọmọ, ó tú agbọ̀n rẹ̀, ó tà á, ó kówó. Háà! Ẹ wá wo ariwo. Wọ́n pè é sí ìpàdé, Ìyá Ẹgbẹ́ ní ẹni tó bá ṣe ohun tí ẹnìkan ò ṣe rí, ojú rẹ̀ á rí ohun tí ẹnìkan ò rí rí. Wọ́n bu owó ìtanràn lé e, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kí i mọ́. Ó kúnlẹ̀, ó san án, ó dìde, ó gba ilé rẹ̀ lọ. Nígbà tí òun àti ìyá mi pàdé lọ́nà odò, ìyá mi gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn ilé wa, ó ń dún láàárọ̀, ó ń dún lálẹ́.

Ohun tí ìyàwó télọ̀ mọ̀ nìyí, tí mo ń fi ojoojúmọ́ pariwo rẹ̀ sí àwọn ọmọ mi létí: owó tó ti ní ọjọ́ kì í bá obì sùn nínú agbọ̀n. Tí o bá mọ ọjọ́ tí wọ́n máa béèrè owó kan lọ́wọ́ rẹ, má fi í sínú ohun tó jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn ni ọjọ́ títà rẹ̀ wà. Owó tí kò lọ́jọ́ ni kí o fi ṣeré. Kí o sì fi owó òwú sílẹ̀, jọ̀ọ́! Iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ láti kékeré, o fọwọ́ ara rẹ pa á, o lọ kó gbogbo rẹ̀ lé ohun tí o kò mọ ojú rẹ̀ mọ imú rẹ̀, nítorí páànù orí ilé onílé. Ta ló ṣe irú èyí sí wa? Tí mo bá sọ ọ́ báyìí, wọ́n á ní mo ń bú ìyá mi. Mo ń bú u. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń bú u.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Mo tú agbọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ihò wínníwínní lára obì méjì, mẹ́ta. Mo ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní, “Màámi, ẹ jẹ́ ká ta èyí tó ṣẹ́ kù. Èyí tó dáa ṣì pọ̀.”

Ó ní, “Ìyá wa kò tíì tú tiwọn.”

“Tí wọn ò bá tú u títí láé ńkọ́?”

“Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ṣe mí bí wọ́n ṣe ṣe ìyàwó télọ̀ ni? Ojú wo ni mo máa fi wo àgbàlagbà?”

Mo ní, “Ojú tí ẹ fi ń wò mí yìí náà ni.” Ó gbá mi létí. Kò gbá mi rí kó tó di ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ó jókòó tì mí, àwa méjèèjì jọ ṣa obì tó bàjẹ́ kúrò, a fi ewé tuntun bo ìyókù.

Òjò ń le sí i, oníbàárà ń dín kù. Wọ́n ní obì ti kún òkè Ọya láti ibòmíràn. Àwọn tó bá yà tiẹ̀ ń pe iye tí ènìyàn ò lè sọ síta. Ìyá mi tún lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ẹgbẹ́, ìyẹn tún ní kí ó ní sùúrù.

Ìjì wá jà ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ṣí páànù ilé Ìyá Ẹgbẹ́ dànù. Òjò ń rọ̀ kíkankíkan. Wọ́n figbe ta pé obì ìyá ń rẹ o, ẹ gbà wá o, gbogbo obìnrin olóbì bá sáré jáde, àwa náà sáré. Wọ́n ní ká kó agbọ̀n lọ sílé àwọn aládùúgbò. Agbọ̀n obì kì í ṣe ẹrù kékeré. Ènìyàn méjì ló ń gbé e ru ẹnìkan. Mo fẹsẹ̀ múlẹ̀, mo di èyí tó sún mọ́ mi mú, mo fi gbogbo agbára gbé e. Díẹ̀ ló kù kí n ṣubú sẹ́yìn. Agbọ̀n náà fúyẹ́! Mo fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé e dání. Ewé orí rẹ̀ yẹ̀, mo sì rí ohun tó wà nísàlẹ̀: háríhá àgbàdo àti ewé gbígbẹ.

Mo gbójú sókè kí n pariwo. Ohun tí mo rí ló pa mí lẹ́nu mọ́. Gbogbo àwọn obìnrin náà ń rìn lọ nínú òjò, agbọ̀n lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tẹ orí, ó ń wọ́ ẹsẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n ń gbé e ru ara wọn ní méjì méjì. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí kò mọ̀. Ìyá mi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí, ó ń kérora. Ó rí mi pẹ̀lú agbọ̀n tí mo fi ọwọ́ kan gbé, ó fi ojú sọ fún mi pé kí n fi ọwọ́ kejì dì í mú.

Ìyá Ẹgbẹ́ dúró sábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń wí pé, “Ẹ rọra o, ẹ má jẹ́ kí obì mi fọ́n ká.” Lẹ́yìn náà la wá gbọ́ pé láti ìgbà ọyẹ́ ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti ń kó obì rẹ̀ lọ tà ní Òfà díẹ̀díẹ̀, nínú ọkọ̀ tó ń kó iṣu. Wọ́n fẹ́ kí ọjà jẹ́ tàwọn nìkan. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà. Orí mi wọ́.

Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé. Kò sẹ́ni tó bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni. Ìyá mi dé ilé, ó tú agbọ̀n tiwa, òórùn rẹ̀ lé wa jáde. A da èyí tó pọ̀ jù sórí ààtàn. Mo tún bẹ bàbá mi, ó tún sọ èyí tó sọ tẹ́lẹ̀. Òjò dá, wọ́n fún ẹlòmíràn ní àyè mi, mo sì jókòó ti ìyá mi nídìí òfì, mo ń fi òwú àwìn hun kíjìpá.

Ibẹ̀ la wà ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí Ìyá Ẹgbẹ́ fi wọlé. Wọ́n ti tún páànù rẹ̀ kàn. Ó ní òun ń yà kí gbogbo àwọn tó ran òun lọ́wọ́ lọ́jọ́ òjò ni. Ó gbé àwo kékeré kan kalẹ̀, obì gbàǹja mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, pupa fòò, kò sí ihò kan lára wọn. Ìyá mi kúkú kúnlẹ̀. Ó gbà á, ó fi súre fún un, ó ní obì á bi ikú, á bi àrùn dànù lọ́nà ilé ìyá. Ó yíjú sí mi pé kí n kúnlẹ̀, kí n dúpẹ́.

N kò kúnlẹ̀. Mo ní, “Màámi, ṣé èyí ni ká gbé lọ sí iléèwé?”

Ìyá Ẹgbẹ́ ń wo aṣọ tó wà lórí òfì, ó ní ó dára, ó jáde. Ìyá mi mú ọ̀kan nínú obì náà, ó là á, ó na awẹ́ kan sí mi, mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ó ṣà á nílẹ̀, ó fẹ́ eruku rẹ̀, ó jù ú sẹ́nu, ó rún un títí, ó mi orí.

Ó ní, “Obì tó gbó nìyí.”