Òjìji Igi Àgbọn

Bí wọ́n bá ti la àgbọn tútù nítòsí mi, igi ẹ̀yìnkùlé wa n'Íjẹ̀bú-Òde ni mo máa ń rántí. Ibi tí wọ́n bo ìwọ́ Ṣẹ́gun, ẹ̀gbọ́n mi, mọ́lẹ̀ ni wọ́n gbìn ín sí. Nígbà tí ibà pa ẹ̀gbọ́n mi, ìyá mi ní kí wọ́n gé igi náà, òun ò lè máa wò ó mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá mi ní kí n di ọ̀pá kan mú lóòró. Káfíńtà ni, kì í ṣi nǹkan wọ̀n. Òjìji ọ̀pá náà gùn tó ọ̀pá lẹ́ẹ̀mejì. Òjìji igi sì jẹ́ ogún ìṣísẹ̀ mi.

"Igi fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Mẹ́wàá, Bàámi!" Mo sáré ka ìṣísẹ̀ láti ìdí igi dé ara ilé: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. "Kò lè dé ilé!"

Ó fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ó kọjú sí ìyá mi tó ń sẹ́ gàrí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Ṣẹ́gun, bí a bá gé e, orí ilé ni yóò wó lé."

Ìyá mi wo igi, ó wo ara ilé. Mo ti dàgbà kó tó yé mi pé irọ́ yẹn ni àwọn méjèèjì ń wá.

"Ẹ jẹ́ kó wà, Bàbá Ṣẹ́gun."