Bí A Ṣe Yan Mọ́tò fún Tíṣà Ráfíátù

Ọjọ́ tí Ọ̀gá mi kọ́kọ́ rán èmi nìkan pé kí n lọ bá oníbàárà yẹ mọ́tò wò, mo ti lo ọdún méje lẹ́nu iṣẹ́, mo sì rò pé kò sí ohun tí mọ́tò lè fi pamọ́ fún mi mọ́. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti fi ẹnu ara mi sọ fún ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin pé kí ó ra mọ́tò tí mi ò yẹ̀ wò rárá.

Mẹkáníìkì ni mí. Ganíyù ni orúkọ mi, àmọ́ Gàní ni gbogbo Ọ̀fà Garage ní Ìlọrin mọ̀ mí sí. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, lẹ́yìn ibi tí àwọn mọ́tò Ọ̀fà ti ń gbérò. Iṣẹ́ àtúnṣe ni mo kọ́, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn èèyàn fi ń wá mi jù lónìí ni, "Gàní, jọ̀ọ́, bá mi wo mọ́tò kan." Ìdílé tó bá fẹ́ ra mọ́tò àkọ́kọ́ wọn, ẹ̀rù máa ń bà wọ́n, ó sì yẹ kó bà wọ́n.

Oríṣi mọ́tò mẹ́ta ló wà nígboro. Àkọ́kọ́ ni tíárọ́bà, èyí tí ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí. Àwọn tó ń ra ìyẹn kì í wá irú wa. Èkejì ni tòkunbọ̀, tí àwọn òyìnbó ti lò kí ó tó wọkọ̀ ojú omi wá bá wa. Ẹ̀kẹta ni èyí tí èèyàn bíi tiwa ti lò nílẹ̀ yìí, tó ti mọ gbogbo kòtò ìlú. Àwọn èèyàn a máa yínmú sí ẹ̀kẹta yìí. Wọ́n á ní tòkunbọ̀ làwọn ń fẹ́, bí ẹni pé òyìnbó kì í fi mọ́tò gbá ògiri. Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ ọ. Mọ́tò tó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni mọ́tò, ibi yòówù kó ti wá.

Ọ̀gá Sáádù ló kọ́ mi ní èyí. Ọ̀gá kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n wàláhì, mi ò tíì rí ẹni tó ní làákàyè bíi tirẹ̀. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta mọ́tò, àwọn mẹkáníìkì yòókù á sáré ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá kò ní ṣí i. Ẹ̀yìn mọ́tò ni yóò wọ̀. Yóò bọ́ bàtà, yóò ti gbogbo ilẹ̀kùn, yóò sì jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo bi í nígbà kan pé kí ló ń wá níbẹ̀.

Ó ní, "Ibí ni àwọn ọmọ máa jókòó sí. Ẹni tó ń wakọ̀ lè ṣọ́ ara rẹ̀."

Imú àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló fi ń wá omi. Mọ́tò tí àgbàrá bá ti bò mọ́lẹ̀ rí, bó ti wù kí wọ́n sá a sóòrùn tó, kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á máa rùn díẹ̀díẹ̀, òórùn aṣọ tí kò gbẹ dáadáa. Àwọn tó ń tà á a máa fín lọ́fíndà sí i. Ọ̀gá ní mọ́tò tó bá ti ń ta sánsán jù, òun ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí, nítorí àwọn tó ń fọ mọ́tò kì í rántí ibẹ̀. Omi ẹrẹ̀ a máa fi ìlà sílẹ̀ lára bẹ́líìtì, ìlà náà kì í sì í fẹ́ parẹ́. Tó bá wá kan ẹ́ńjìnnì, yóò gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá gbóná, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ẹ ti jí i kí a tó dé. Ẹ jẹ́ kó tún sùn." A ó sì jókòó dè é kí ó tutù, nítorí àárọ̀, tí ara rẹ̀ bá tutù, ni mọ́tò tó ń ṣàìsàn máa ń wúkọ́.

Kì í fi dídùn ẹnu ba iṣẹ́ jẹ́. Ọkùnrin kan wà tí a bá wá mọ́tò kiri fún odindi oṣù kan. Nígbà tí a rí èyí tó dára, ó ní òun kò rà á, pé rédíò rẹ̀ kò dún dáadáa. Ọ̀gá wò ó títí. Ó ní, "Ẹ kúkú ra rédíò, kí ẹ jókòó sílé." Ọkùnrin náà bínú lọ, ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀dọ̀ irú ọ̀gá báyìí ni Tíṣà Ráfíátù wá. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé ní àdúgbò Fate. Kàdúná ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, oṣooṣù ló ń wálé, nítorí náà Tíṣà nìkan ló ń kó ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ síléèwé láràárọ̀. Orí ọ̀kadà ni wọ́n ń há ara wọn mọ́. Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, ọ̀kadà yọ̀ nínú ẹrẹ̀, Màlíkì ọmọ rẹ̀ kejì ṣubú, apá rẹ̀ kán. Pẹ̀lú ọmọ náà ni Tíṣà wọ ṣọ́ọ̀bù wa, aṣọ ni wọ́n fi gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn.

Ó ní, "Ọ̀gá, mi ò wá mọ́tò fáàrí. Èyí tí màá kó àwọn ọmọ yìí sí, tí ọkàn mi á balẹ̀, ni mo ń wá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lè rà á. Bí mo bá ṣì í rà, orí ọ̀kadà la máa padà sí."

Ọ̀gá ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ náà, àna rẹ̀ kan kú. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Gàní á bá yín lọ. Ohun tó bá sọ, èmi ni mo sọ ọ́." Orí mi wú. Mo tiẹ̀ lọ pààrọ̀ aṣọ.

Mọ́tò tí Tíṣà ti gbúròó, ti Alfa Yúsùfù ni. Alfa yìí ló kọ́ mi ní kéwú. Láti ìgbà tí mo ti ń jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀ tí mo ń ka álífù, mi ò tíì wo ojú rẹ̀ tààrà rí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ra mọ́tò náà fún un láti ìlú mìíràn, tòkunbọ̀, dúdú tó ń dán gbinrin. Ojú Alfa kò ríran dáadáa mọ́ láti wakọ̀, ló ṣe fẹ́ tà á. Nígbà tí mo gbọ́ pé òun ló ni ín, mo ti sọ lọ́kàn mi pé iṣẹ́ ti parí. Alfa kì í pa irọ́.

Wọ́n tẹ́ ẹní fún wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé èso dàbínù wá fún wa jẹ. Alfa ní, "Ṣé ìwọ ni Sáádù rán? Àlùhàmúdù lílàhì. Ọmọ mi ti di àgbà." Kí n tó dìde, ó ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ àdúà. Ó ṣe é fún Tíṣà, ó ṣe é fún àwọn ọmọ, ó ṣe é fún ẹsẹ̀ mọ́tò àti ọ̀nà tí yóò rìn. A ṣe àmín, a fi ọwọ́ nu ojú. Ìgbà náà ló tó na kọ́kọ́rọ́ sí mi, pé kí n lọ wò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìlọrin á mọ ohun tó bá mi. Alfa tó kọ́ mi ní kéwú ti ṣàdúà sórí nǹkan, mo ti ṣe àmín, báwo ni mo ṣe máa bọ́ bàtà kí n máa gbóòórùn inú rẹ̀ kiri lójú rẹ̀? Ó dà bí ìgbà tí mo ń sọ pé àdúà rẹ̀ kò gòkè. Ojú tì mí. Mo jókòó síwájú, mo sítáàtì rẹ̀, ó dún geere. Mo tẹ fèrè, fèrè dún. Mo jáde, mo sọ fún Tíṣà pé, "Ó dára." Wọ́n fi àdéhùn sí ọjọ́ Jímọ̀, pé lẹ́yìn ìrun ni yóò wá gbé e.

Ọ̀gá dé ní Ọjọ́bọ̀. Kò tíì jókòó tó fi bi mí.

"O jókòó sẹ́yìn?"

"Rárá, Ọ̀gá."

"O fa bẹ́líìtì?"

"Alfa ti ṣàdúà sí i, Ọ̀gá. Ojú tì mí."

Kò jágbe mọ́ mi, ì bá tiẹ̀ sàn kó jágbe. Ó ní, "Ojú Alfa lo wò. O ò wo ọmọ tí apá rẹ̀ kán. Lọ sí Fate, kí o sọ fún obìnrin yẹn pé o ò wo mọ́tò rẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o sọ ọ́."

Mo bá Tíṣà níbi tó ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Ó fi bírò sílẹ̀. Ó ní, "Gàní, mo ti sọ fún àwọn ọmọ pé a ti rí mọ́tò." Ó ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, èmi, Ọ̀gá àti Tíṣà la jọ lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé Ọ̀gá máa dójú ti Alfa, àbí Alfa máa lé wa jáde. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kí i, ó kí gbogbo ará ilé, ó béèrè ojú rẹ̀ àti orúnkún rẹ̀. Ìgbà tó kí i tán ló wá ní, "Alfa, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Bí ọmọ kéwú bá gbé wàláà rẹ̀ wá, ṣé ẹ máa ń sọ pé ó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó gbọ́ ọ, àbí ẹ máa ń gbọ́ ọ ná?"

Alfa ní, "Mo máa ń gbọ́ ọ ná. Bí baba rẹ̀ tiẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ mi."

"Alfa, Gàní kò gbọ́ mọ́tò yín. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ."

Alfa rẹ́rìn-ín, ó ní kí a máa gbọ́ ọ. Títí di òní, ọgbọ́n ẹnu Ọ̀gá lọ́jọ́ náà ṣì ń yà mí lẹ́nu. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ó yíjú sí mi. "Bọ́ bàtà rẹ."

Mo wọ ẹ̀yìn mọ́tò, mo ti ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ tí mo fi gbóòórùn rẹ̀. Mo fa bẹ́líìtì jáde, ìlà ẹrẹ̀ wà níbẹ̀ kedere, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó èjìká ọmọdé. Mo tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ ìjókòó, ìpẹtà kún gbogbo nọ́ọ̀tì ibẹ̀. Odò ti gbé mọ́tò yìí mì rí. Irú rẹ̀ a máa dún geere lónìí, kí wáyà rẹ̀ máa jẹrà lábẹ́lẹ̀, tó bá dọ̀la, á kú mọ́ ọ lọ́wọ́ láàárín títì, tí tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn.

Alfa ní kí n mú bẹ́líìtì náà sún mọ́ òun. Ó fi awò sójú, ó fi ìka tọ ìlà yẹn. Ó ní, "Ọmọ mi kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ní báyìí mo ti mọ̀. Bí mo bá tà á fún ẹnikẹ́ni, ọrùn mi ló wà." Ó bẹ Tíṣà pé kó má bínú. Ó wá bi mí pé, "Gàní, kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Alfa, ẹ ti ṣàdúà."

Ó mi orí. Ó ní, "Èmi ni mo ṣàṣìṣe, nígbà náà. Mo fi àdúà ṣíwájú iṣẹ́ rẹ." Alfa mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, níwájú ọ̀gá mi àti níwájú obìnrin. Omi bọ́ lójú mi. Àgbà tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn kò pọ̀ láyé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá òmíràn fún Tíṣà, mi ò sì gba kọ́bọ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ní GRA ló ni èyí tí mo rí níkẹyìn. Mọ́tò aláwọ̀ eérú ni, irú ẹ̀kẹta yẹn tí wọ́n ti lò nílẹ̀ yìí láti ọdún gbọọrọ, ara rẹ̀ ti ha, iná ẹ̀yìn rẹ̀ kan sì ti là. Tíṣà wò ó, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

Ó ní, "Gàní, ó mà ti gbó."

"Awọ rẹ̀ ló gbó, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ inú rẹ̀."

Ìdájí ni mo lọ, kí ìyá náà tó sítáàtì rẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn títí ó fi rẹ̀ mí. Mo fa bẹ́líìtì márààrún, wọ́n mọ́ tónítóní. Mo sítáàtì rẹ̀ nínú òtútù, kò wúkọ́, kò yọ èéfín. Ìyá nọ́ọ̀sì gbé ìwé kékeré kan jáde, ọjọ́ tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì látìgbà tó ti rà á ló kọ síbẹ̀, kò fo ẹyọ kan. Nígbà tí Tíṣà àti àwọn ọmọ dé, mo wà á gba ọ̀nà Ajásẹ́, Tíṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́yìn. Jíà ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tí a fi máa yí padà, Màlíkì ti sùn lọ, ó gbé orí lé èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tíṣà bojú wẹ̀yìn, ó rí i. Kò tún sọ̀rọ̀ gbígbó mọ́.

Lọ́jọ́ tó gbé e, ó ní ọ̀dọ̀ Alfa Yúsùfù làwọn máa kọ́kọ́ gbé e lọ fún àdúà. Alfa jáde wá, ó dúró ti mọ́tò, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ sókè. Èmi ló ń wò.

"Gàní, ṣé o wò ó?"

"Mo wò ó, Alfa."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Alfa. Ó dára."

Ìgbà náà ló tó ṣàdúà.

Ọ̀gá Sáádù ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi, Tíṣà sì ṣì ń gbé mọ́tò aláwọ̀ eérú yẹn wá fún mi láti pààrọ̀ ọ́ìlì. Alfa ti dàgbà gan-an, àmọ́ wọ́n ṣì ń gbé mọ́tò lọ fún un láti gbogbo àdúgbò, tíárọ́bà, tòkunbọ̀, àti èyí tí wọ́n ti lò nílẹ̀ yìí. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n ni pé, "Ṣé Gàní ti wò ó?" Bí wọ́n bá ti ní rárá, á ní kí wọ́n máa gbé e lọ bá mi ná, pé òun á dúró dè wọ́n.