Ìborùn Màríà tí Mo Jókòó Lé

Ọjọ́bọ̀ tí a ṣe kọ́ńsáàtì Kérésì ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi. Kíláàsì karùn-ún ni mo wà nígbà náà, ní ilé ìwé ìjọ kan ní Ìta Fàájì.

Láti ọjọ́ Ajé ni a ti ń kọ́ orin lẹ́yìn ìṣirò àti Bíbélì kíkà. Lọ́dọọdún, èmi ni mo máa ń ṣe Màríà nínú eré ìbí Jésù. Lọ́dún yẹn, Àǹtí tó ń kọ́ wa gbé e fún Ràṣídátù, ọmọ Mùsùlùmí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò tilẹ̀ mọ orin ìjọ kankan tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń yin ohùn rẹ̀, èmi á yí ojú kúrò.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí á bẹ̀rẹ̀, mo mú ìborùn funfun tí Ràṣídátù fẹ́ fi ṣe Màríà, mo jókòó lé e. Ó wá a títí, ó bú sẹ́kún, ó sì sáré wá bá mi.

“Fọlákẹ́, jọ̀ọ́, bá mi wá a. Ìwọ nìkan ni ọ̀rẹ́ tí mo ní níbí.”

Mo dìde. “Òun rè é. Èmi ni mo mú un.”

Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó dà á borí, ó lọ kọrin. Gbogbo gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Ìyá mi, tó wá wò wá, ń nu omijé.

“Ọmọ ta nìyẹn?” ni Mọ́mì bi mí léèrè nígbà tí a parí.

Ìlara ṣì ń ta mí lọ́kàn bí ata. “Ọ̀rẹ́ mi ni, Mọ́mì.”

Ràṣídátù dúró lẹ́yìn mi. Kò sọ pé irọ́ ni mo pa.