Agogo Méjì, Títì Kan

Láàárín gbùngbùn títì tó lọ sí Àjàṣẹ́ ni Sídì dúró sí, ó gbé báàgì lérí, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Ọlọ́kadà kan ti ṣubú sẹ́bàá ọ̀nà níbi tó ti ń yà fún un. Aago méjì ọ̀sán ni. Mo ju ẹ̀kọ tí mò ń jẹ ní ọ́fíìsì sílẹ̀, mo sáré jáde láì wọ bàtà, èmi dírẹ́kítọ̀ ilé ìwé ìjọba, mo sì gbé ọmọ náà kúrò.

"Kí lo dúró ṣe níbẹ̀?"

"Madamu, mo ti dé àárín kí n tó rántí pé Ràlíà ní n kò gbọdọ̀ dá títì kọjá. Ni mo bá dúró dè é."

Ràlíà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti aago méjìlá ló ti wà nílé, ó ti jẹun, ó ti ń fọ abọ́.

Ohun tó fà á tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń lọ ilé ìwé kan náà kò fi jọ ń jáde mọ́, òun ló ń bí mi nínú títí di òní. Òrùlé kíláàsì mẹ́ta tí àwọn ọmọ kéékèèké wà nílé ìwé wa ní Akpakpa ti ń jò. Ìjọba bá fi kíláàsì mẹ́ta náà lé ẹgbẹ́ aládàáni kan lọ́wọ́: ìjọba ló ni ilé, ẹgbẹ́ náà ló ni olùkọ́ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Àjọṣe ni wọ́n pè é. Wọ́n kan páànù tuntun, wọ́n kó bẹ́ǹṣì tó ń dán wá, wọ́n sì gbé agogo oníná kọ́ ògiri. Irin tí a so mọ́ igi máńgòrò làwa ń lù ní tiwa: ẹ lọ jẹun ní méjìlá, ẹ padà ní mẹ́ta, ó di ilé ní mẹ́fà. Tiwọn kì í sinmi lọ́sàn-án. Aago méjì ni wọ́n ń tú àwọn ọmọ sílẹ̀ pátápátá.

Ìwé àdéhùn wà, ojú ewé mọ́kànlélógún, èmi náà sì fọwọ́ sí i. Kí n má parọ́, n kò kà á dé ibi tí wọ́n kọ aago sí. Páànù tuntun ló gbà mí lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n ka ìbéèrè tán kí wọ́n tó dáhùn.

Ládùúgbò wa, ìyá kì í mú ọmọ lọ sílé ìwé. Ẹ̀gbọ́n ló ń di àbúrò lọ́wọ́ mú. Ìyá Ràlíà ti wà lọ́jà Missèbo láti àárọ̀ kùtù, ó ń tú aṣọ òkìrìkà. Nínú gbogbo ojú ewé yẹn, kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó ń di ọwọ́ ẹni mú.

Mo fa Sídì lọ bá Mùsàráfù, ọmọkùnrin Kétu tó jẹ́ olórí lápá ti ẹgbẹ́ náà.

"Ìyá, ẹ má bínú," ó ní. "Ẹnu géètì ni àdéhùn wa parí sí."

"Ṣé ẹnu géètì lọmọ náà parí sí?"

"Mo gbọ́, Ìyá. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì wa."

Mo kọ ọ́. Wọ́n ní ìjọba ló fọwọ́ sí aago. Mo kọ̀wé sí alábẹ̀wò ilé ìwé, ó ní àwọn ọmọ kéékèèké ò sí níkàáwọ́ mi mọ́, kí n kọ̀wé sí ẹgbẹ́ náà. Ìwé ń lọ, ìwé ń bọ̀. Wọ́n pè wá sípàdé ní Calavi, nínú yàrá tó tutù bí omi yìnyín. Mo dìde, mo ní, "Ta ni yóò mú Sídì sọdá?" Alága dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ìbéèrè tó dára, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ "Ọ̀rọ̀ Mìíràn" nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ibẹ̀ ló wà di òní.

Lọ́jọ́ kejì, mo gé okùn kànga tó ti gbó, mo ta kókó sí i lára, ọmọ kan sí kókó kan. Nígbà tí agogo aago méjì dún, mo wà níwájú, àwọn ọmọ di kókó mú, wọ́n tò tẹ̀lé mi sọdá títì.

Awakọ̀ kan yọrí. "Madamu, ewúrẹ́ wọ̀nyí, ṣé títà ni?"

"Wá, kókó kan ṣẹ́kù fún ẹ!"

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Mùsàráfù fi ń wò mí lójú fèrèsé. Lọ́jọ́ tí ibà mú mi tí mo ń wọ́ ẹsẹ̀, mo bojú wẹ̀yìn láàárín títì, mo rí i tó di ìdí okùn mú, táì lọ́rùn, ó na ọwọ́ kejì sí ọkọ̀ akẹ́rù kan.

"Àdéhùn yín ńkọ́?"

"Ìyá, mo tún un kà lánàá. Kò sọ pé kí n má di okùn mú."

Láti ọjọ́ náà, n kò bá a jà mọ́, àfi lórí ọ̀rọ̀ agogo.

Ọdún mẹ́ta la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, àwọn ọ̀gá wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Dírẹ́kítọ̀ tuntun, ọmọbìnrin Pobè kan, di ìwé tí mo fi ń fa iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ mú: ẹrù ìjọba lápá kan, ẹrù ẹgbẹ́ aládàáni lápá kejì. Ọ̀gá kan ń yin àjọṣe wa lọ́wọ́ nígbà tí agogo oníná dún. Mùsàráfù dìde. Èmi náà dìde nínú aṣọ léèsì mi, mo fa okùn yọ lábẹ́ àga. Àwọn ọ̀gá ń wò wá. Dírẹ́kítọ̀ tuntun sáré tẹ̀lé mi, ó ń yẹ ìwé wò.

"Ìyá, apá wo ni okùn yìí wà?"

"Kò sí níbì kankan."

"Ta ló wá ni ín?"

Àwọn ọmọ ti wà nídìí kókó wọn. Mo fi orí okùn lé e lọ́wọ́.

"Tí o bá dé títì, apá òsì ni kí o kọ́kọ́ wò."